Fúláàṣì Tí Kọ̀ǹpútà Ní Kí Ẹ Fọ́máàtì: Ẹ Kó Ẹrù Inú Rẹ̀ Jáde Ná

Ẹ fi fúláàṣì sí ara kọ̀ǹpútà, dípò kí fódà ṣí, àpótí kan fò jáde: "You need to format the disk in drive E: before you can use it." Ẹ tẹ Cancel. Bí ọwọ́ bá ti ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì kejì, fèrèsé míì ló máa ṣí, Start á wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ kò bá tíì tẹ Start yẹn, kò tíì sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ pa fèrèsé náà dé.

Lẹ́yìn Cancel, gbólóhùn kejì sábà máa ń tẹ̀ lé e: "The volume does not contain a recognized file system." Ohun tí Windows ń sọ ni pé òun rí fúláàṣì náà, àmọ́ òun kò mọ ìlànà tí wọ́n fi to ẹrù sínú rẹ̀. Kò sọ pé ẹrù ti sọnù o. Fúláàṣì akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀ lè dé láptọ́ọ̀pù ọ̀rẹ́, kó dé ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Lágéré, kó dé ara ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sójú ògiri ní kíláàsì, kó tún padà sílé kí ilẹ̀ ọjọ́ kan náà tó ṣú. Gbogbo ibi tó bá dé ni wọ́n ti ń fà á yọ wàràwàrà. Bóyá project ló wà nínú rẹ̀, bóyá fídíò ìgbéyàwó, bí iṣẹ́ ṣe tẹ̀ léra kò yí padà: ẹ wo ohun tó ṣe é, ẹ ṣe ẹ̀dà odindi rẹ̀, ẹ yọ ẹrù láti inú ẹ̀dà náà, kí ẹ tó wá fọ́máàtì. Àwọn tó bá kọ́kọ́ fọ́máàtì, tí wọ́n wá ń wá ẹrù lẹ́yìn náà, ló ń pàdánù rẹ̀.

Kí ló bàjẹ́ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká fi FAT32, ọ̀kan lára ìlànà ìto-ẹrù yẹn, ṣàlàyé, torí òun ló sábà máa ń wà lórí fúláàṣì tó jẹ́ 32GB sí ìsàlẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni boot sector wà, báìtì 512 péré, tó ń sọ bí wọ́n ṣe gé àyè inú fúláàṣì sí wẹ́wẹ́ àti ibi tí tábìlì FAT ti bẹ̀rẹ̀. Méjì ni tábìlì náà, ọ̀kan jẹ́ ẹ̀dà èkejì. Òun ló mọ̀ pé apá àkọ́kọ́ fáìlì yín wà níhìn-ín, pé apá tó kàn wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àkójọ orúkọ fáìlì àti fódà, kó tó wá kan ẹrù fúnra rẹ̀. Ó dà bíi yàrá tí wọ́n ń kó káàdì aláìsàn sí ní ọsibítù: bí ìwé ńlá tí wọ́n fi ń wá káàdì bá ya, káàdì ṣì wà lórí pẹpẹ.

FAT32 máa ń fi ẹ̀dà boot sector pamọ́ sí sector 6. NTFS, ìlànà ìto-ẹrù mìíràn tí Windows ń lò, ń fi tirẹ̀ sí ìparí àyè náà pátápátá. Àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí ló ń jẹ́ kí àtúnṣe ṣeé ṣe.

Ohun tó ń ba apá ìbẹ̀rẹ̀ yìí jẹ́ kò pọ̀. Wọ́n fa fúláàṣì yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì ń kọ tábìlì. Iná lọ lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS. Ìrántí inú ṣíìpù ti gbó, kò lè di ohun tí wọ́n kọ sí i mú mọ́. Tàbí kí fúláàṣì jẹ́ ayédèrú. A ó padà síbẹ̀, torí ọ̀nà tí ayédèrú ń gbà ba tábìlì jẹ́ yẹ ní mímọ̀.

Kí ni fọ́máàtì máa ń ṣe nígbà náà? Bí àmì bá wà nínú àpótí Quick Format, Windows á kọ boot sector tuntun, á pa tábìlì FAT rẹ́, á nu àkójọ orúkọ tó wà lójú fúláàṣì. Ẹrù ṣì wà lẹ́yìn, àmọ́ ẹni tó mọ bí apá fáìlì ṣe tẹ̀ léra ti lọ. Bí ẹnì kan bá wá yọ àmì Quick Format yẹn kúrò, láti ìgbà Windows Vista ni Windows ti ń fi òdo kọ gbogbo inú fúláàṣì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè mú nǹkan jáde níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, bí ẹni tó ń bá yín tún un ṣe bá ní "mo ti fọ́máàtì ẹ̀", ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé irú èwo.

Ṣé fúláàṣì ló ní àìsàn, àbí ẹ̀rọ tí ẹ fi sí?

Ẹ gbé e kúrò ní ihò USB tó wà, ẹ fi sí òmíràn. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ẹ lo ihò ẹ̀yìn, torí ara bọ́ọ̀dù gangan nìyẹn wà. Tiwájú ń gba orí wáyà kọjá. Ẹ má lo ẹ̀rọ tó ń sọ ihò kan di mẹ́rin. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn.

Tó bá ṣí lórí kọ̀ǹpútà kejì, ẹ má dúró bi í ní ohunkóhun. Ẹ kó gbogbo ẹrù inú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà náà lójú ẹsẹ̀, kó tó tún yí ọkàn padà.

Àwọn fúláàṣì kan wà tí ara wọn dá ṣáká, èdè wọn ni ẹ̀rọ kò gbọ́. Bí ayàwòrán bá fọ́máàtì fúláàṣì lórí Mac sí APFS tàbí HFS+, Windows á ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀. Ext4 ti Linux náà nìyẹn. Rédíò ọkọ̀, tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ àti ẹ̀rọ orin ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn kì í mọ̀ ju FAT32 lọ; bí ẹ bá gbé exFAT tàbí NTFS fún wọn, wọ́n á sọ pé àwọn ò rí nǹkan kan. Irú fúláàṣì báyìí kò nílò àtúnṣe rárá. Ẹ bi ẹni tó lò ó gbẹ̀yìn pé ẹ̀rọ wo ló fi sí, ẹ gbé e padà síbẹ̀, kí ẹ kó ẹrù yín.

Ọ̀ràn kan tún wà tó fara jọ eléyìí àmọ́ tí kì í ṣe òun. Fúláàṣì ṣí, kò béèrè fọ́máàtì, ṣùgbọ́n shortcut nìkan ló kún inú rẹ̀, tàbí ó ṣófo nígbà tí Windows ń sọ pé àyè ti kún. Fáírọ́ọ̀sì ló fi fáìlì yín pamọ́. Ẹ má tẹ shortcut kankan níbẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ èyí, kí ẹ fi lẹ́tà fúláàṣì yín rọ́pò E:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Fáìlì á jáde síta. Ẹ kó wọn, ẹ fi antivirus wo kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú, torí bí ẹ bá nu fúláàṣì nìkan, kọ̀ǹpútà yẹn á tún kó o ràn án.

Ẹ wo ohun tí Disk Management ń sọ

Ẹ tẹ Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ diskmgmt.msc, ẹ tẹ Enter. Bó bá ní kí ẹ "Initialize Disk", ẹ tẹ Cancel. Ẹ wá fúláàṣì yín nísàlẹ̀. Ohun tí ẹ ń wò ni méjì: báwo ló ṣe tóbi tó, kí sì ni Windows kọ sí i lára.

Ní ti bó ṣe tóbi, iye ara páálí àti iye tí Windows ń kọ kì í dọ́gba, kì í ṣe olè. Ilé iṣẹ́ ń ka GB kan sí báìtì 1,000,000,000, Windows ń kà á sí 1,073,741,824. 16GB á wá jẹ́ nǹkan bíi 14.9, 32GB á jẹ́ 29.8, 64GB á jẹ́ 59.6, tàbí kó dín díẹ̀ sí i.

Tí iye náà bá tọ̀nà, tí wọ́n sì kọ RAW síbẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni: ara fúláàṣì le, apá ìbẹ̀rẹ̀ ló bàjẹ́. Tí iye bá tọ̀nà, tó sì jẹ́ Unallocated, tábìlì ìpín (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀) ló lọ, ìyẹn náà sábà máa ń ṣeé gbà padà. Tó bá jẹ́ No Media, tàbí tí iye rẹ̀ jẹ́ òdo, tàbí tí fúláàṣì 32GB ń pe ara rẹ̀ ní 8MB, controller ló ń kú lọ, ìyẹn ṣíìpù tó ń darí ìrántí. Kò sí sọ́fítíwíà inú ìtọ́sọ́nà yìí tó kan ìyẹn. Ẹ fò lọ sí apá tó gbẹ̀yìn. Bó ṣe rí náà nìyẹn bí kò bá hàn rárá, tí Device Manager wá ń kọ "Device Descriptor Request Failed".

Lórí Linux, àṣẹ kan ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù:

lsblk -o NAME,SIZE,FSTYPE,LABEL,MODEL

Bí abẹ́ FSTYPE bá kọ ext4, apfs, hfsplus tàbí BitLocker (èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì lórí Windows), ẹ ti rí ìdáhùn: fúláàṣì kò bàjẹ́, ẹ̀rọ tó gbọ́ èdè rẹ̀ ni kí ẹ wá. Bí ibẹ̀ bá ṣófo, RAW ti Windows nìyẹn. Ẹ tún kọ sudo dmesg | tail -n 20. Bí ẹ bá rí "I/O error" léraléra, inú fúláàṣì ti ń rọ, ẹ yára lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

Bí fúláàṣì bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dì í mú láàárín ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi í sí ara kọ̀ǹpútà, ẹ fà á yọ. Iná ti ń pàdé níbi tí kò yẹ nínú rẹ̀.

Ẹ ṣe ẹ̀dà odindi

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, ibẹ̀ náà sì ni ìgbàlà wà. Ẹ̀dà odindi kì í ṣe kíkọ́pì fáìlì. Kíka fúláàṣì ni láti báìtì àkọ́kọ́ dé èyí tó gbẹ̀yìn, kí ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo lórí dísìkì mìíràn. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe lórí ẹ̀dà, ẹ lè ju ẹ̀dà nù kí ẹ tún un ṣe. Bí ẹ bá ṣàṣìṣe lórí fúláàṣì fúnra rẹ̀, ó parí. Fúláàṣì tó ti ń kú kì í sì gba kéèyàn máa kà á lọ kà á bọ̀.

Àyè tí ẹ nílò jẹ́ iye odindi fúláàṣì náà, bí ẹrù inú rẹ̀ tilẹ̀ kéré: 30GB fún fúláàṣì 32GB. Àkókò tó máa gbà? USB 2.0 tí ara rẹ̀ le sábà máa ń ka nǹkan bíi 20 sí 30MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó sọ 32GB di nǹkan bí ìdajì wákàtí. Èyí tó ń ṣàìsàn lè gba òru mọ́jú.

Irinṣẹ́ tó dára jù ni GNU ddrescue lórí Linux. Ẹ kò ní láti pa Windows yín rẹ́: ẹ fi Ubuntu, irú Linux kan, sórí fúláàṣì mìíràn, ẹ fi tan láptọ́ọ̀pù, ẹ yan "Try Ubuntu". Ẹ fi hard disk ìta kan sí i tí ẹ máa kó ẹ̀dà náà sí. Bí ẹ bá fẹ́ lo dísìkì inú láptọ́ọ̀pù, ẹ fi ọwọ́ tẹ Shift mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń pa Windows, kó lè kú pátápátá. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Linux lè kọ̀ láti kọ nǹkan sí i. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì:

sudo apt install gddrescue testdisk

Bí apt bá ní òun kò rí wọn, ẹ tan "universe" nínú Software & Updates. Ẹ lo lsblk láti mọ orúkọ fúláàṣì. Ká ní sdb ni. Ẹ wọ inú fódà tó wà lórí hard disk ìta, kí ẹ kọ:

sudo ddrescue -d -n /dev/sdb fulaasi.img fulaasi.map

Àṣẹ yìí ń kó èyí tó rọrùn láti kà, ó ń fò ibi tó le. Tó bá parí, ẹ jẹ́ kó padà sí ibi tó fò, kó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹ́ta:

sudo ddrescue -d -r3 /dev/sdb fulaasi.img fulaasi.map

Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe to orúkọ: ibi tí ẹ ti ń kó ẹrù ló ń ṣáájú, ibi tí ẹ ń kó o lọ ló tẹ̀ lé e. Orúkọ kẹta, fulaasi.map, ni ìdí tí ddrescue fi bá ìlú tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ mu. Ó ń kọ ibi tó ti dé sílẹ̀. Bí bátìrì bá kú ní agbedeméjì, ẹ tún kọ àṣẹ kan náà, á máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tó dúró sí. Àmọ́ àwọn fáìlì wọ̀nyí gbọ́dọ̀ wà lórí hard disk. Bí ẹ bá kó wọn sórí Desktop Ubuntu tí ẹ fi fúláàṣì tàn, inú RAM ni wọ́n wà, wọ́n á bá iná lọ.

Fún ẹni tí kò fẹ́ kúrò lórí Windows, TestDisk tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé yìí ní Image Creation lábẹ́ Advanced. Ó ń ṣe fáìlì tó ń jẹ́ image.dd. Ó tó fún fúláàṣì tí ara rẹ̀ le. Bí fúláàṣì bá ń rọ, ddrescue ni kí ẹ wá.

TestDisk: ẹ wò kí ẹ tó kọ

Ọ̀fẹ́ ni TestDisk, kò ní fèrèsé ẹlẹ́wà, ọfà orí kíbọọ̀dù àti Enter ni ẹ máa lò. Lórí Windows, ẹ tú fódà rẹ̀, ẹ fi ẹ̀tọ́ administrator ṣí testdisk_win.exe. Lórí Linux, ẹ kọ testdisk fulaasi.img kó lè ṣí orí ẹ̀dà tààrà.

Ẹ yan Create fún ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wá yan dísìkì. Bí ẹ bá ń ṣe é lórí Windows, ẹ fi iye GB dá fúláàṣì mọ̀. Èyí tó tóbi gan-an, bíi 500GB, lè jẹ́ ilé Windows yín, ẹ yẹra fún un. Lẹ́yìn náà ni á bi yín ní irú tábìlì ìpín. Intel ló yẹ ọ̀pọ̀ fúláàṣì. Bí Intel kò bá rí nǹkan kan, ẹ padà wá yan None, torí àwọn fúláàṣì kan wà tí wọn kò pín rárá, tí boot sector wọn wà ní ojú gangan dísìkì.

Ẹ yan Analyse, kí ẹ tẹ Quick Search. Bí ìlà kan bá hàn tó kọ FAT32 tàbí NTFS, ẹ dúró lé e, ẹ tẹ lẹ́tà P. Ìgbà yìí ni ẹ ó mọ̀ bóyá inú dídùn ni: bí ẹ bá rí orúkọ fódà yín bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣe tún ohunkóhun ṣe, ẹ kó ẹrù. Ẹ tẹ a kí gbogbo rẹ̀ gba àmì, ẹ tẹ C ńlá, ẹ yan fódà tí ẹ ń kó wọn lọ, ẹ tún tẹ C. C kékeré ń kó ẹyọ kan tí ẹ dúró lé. Orúkọ tó bá pupa jẹ́ ti fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí lẹ́tà inú orúkọ bá rí jákujàku, tí ọjọ́ inú rẹ̀ ń sọ ọdún 2107, tábìlì orúkọ ti bàjẹ́. Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ gbìyànjú Deeper Search.

Ẹni tó bá ti kó ẹrù rẹ̀ báyìí kò nílò àtúnṣe boot sector. Ẹ fò ó, ẹ lọ fọ́máàtì. Ìgbà tí P kò bá fi nǹkan hàn ni ẹ tó nílò Advanced, kí ẹ yan ìpín náà, kí ẹ wọ Boot. TestDisk á sọ bí boot sector ṣe rí àti bí ẹ̀dà rẹ̀ ṣe rí. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ Bad, tí ẹ̀dà jẹ́ OK, Backup BS ń gbé ẹ̀dà lé orí èyí tó bàjẹ́. Ẹ kíyè sí Org. BS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ó ń ṣe òdìkejì, ó ń fi èyí tó bàjẹ́ pa èyí tó dára rẹ́. Bí méjèèjì bá bàjẹ́, Rebuild BS á ṣírò tuntun láti inú ohun tó bá rí. Ẹ tẹ List wò ó kí ẹ tó tẹ Write. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sínú fulaasi.img báyìí, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kejì bí àyè bá wà.

PhotoRec, nígbà tí orúkọ ti lọ

Inú fódà TestDisk náà ni PhotoRec wà. Kò bìkítà fún tábìlì kankan. Ó ń ka fúláàṣì láti òkè dé ilẹ̀, ó ń wá báìtì tí fáìlì kọ̀ọ̀kan fi ń bẹ̀rẹ̀. Ó ń gba nǹkan padà níbi tí TestDisk ti sú. Owó tó ń gbà ni orúkọ: ẹ ó rí fódà recup_dir.1, recup_dir.2, fáìlì inú wọn á máa jẹ́ f0123456.docx.

Kí ẹ tó tẹ Search, ẹ wọ File Opt. Bí ẹ bá fi gbogbo àmì sílẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún pàǹtí á bo ohun tí ẹ ń wá. Ẹ tẹ s kó yọ gbogbo àmì kúrò, ẹ wá fi àmì sí èyí tí ẹ fẹ́. Ibí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀: doc níbẹ̀ jẹ́ ti Word àtijọ́ nìkan. Docx, xlsx àti pptx wà lábẹ́ zip, torí bí wọ́n ṣe di wọ́n nìyẹn. Ẹni tó bá fi àmì sí doc nìkan kò ní rí project rẹ̀. Fídíò mp4 wà lábẹ́ mov. Jpg, pdf àti mp3 ń jẹ́ orúkọ wọn.

Ẹ yan Whole, kì í ṣe Free, torí tábìlì tó bàjẹ́ kò lè sọ ibi tó ṣófo. Ẹ kó èyí tó bá rí lọ sórí dísìkì mìíràn, láéláé kì í ṣe fúláàṣì kan náà, torí ohun tí ẹ gbà á máa bo ohun tí ẹ kò tíì gbà. Láti wá project láàárín wọn, ẹ jẹ́ kí Windows wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: ẹ kọ gbólóhùn tó ṣọ̀wọ́n látinú àkọlé yín sójú ìwákiri fódà náà. Ẹ̀dà mẹ́rin marùn-ún lè jáde, torí Word ń kọ tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá séèfù. Èyí tó pọ̀ jù ní KB ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí.

Fídíò gígùn ló máa ń já yín kulẹ̀. Bí apá rẹ̀ bá fọ́n ká inú fúláàṣì, PhotoRec á gba ìbẹ̀rẹ̀, ìyókù á dàrú.

Chkdsk kì í ṣe àgbà ìṣègùn

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ fún yín ni chkdsk E: /f, àṣẹ Windows tó ń yẹ dísìkì wò. Lórí RAW, kò tiẹ̀ ní ṣiṣẹ́; á ní "CHKDSK is not available for RAW drives." Lórí èyí tó bàjẹ́ díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ohun tó ń wá ni kí tábìlì bá ara rẹ̀ mu, kì í ṣe kí fáìlì yín pé. Fáìlì tí kò bá rójú rẹ̀, á já a sínú fódà FOUND.000 pẹ̀lú orúkọ FILE0000.CHK. Kò burú lẹ́yìn tí ẹrù bá ti jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Lórí Linux, sudo fsck.vfat -n /dev/sdb1 ń wò láìfọwọ́ kàn án, ìyẹn kò léwu.

Ó wá tó àkókò fọ́máàtì

Fọ́máàtì inú fèrèsé Windows sábà máa ń tó. Bó bá kọ̀, ẹ fi ẹ̀tọ́ administrator ṣí Command Prompt:

diskpart
list disk
select disk 1
detail disk
clean
create partition primary
format fs=exfat quick
assign
exit

Àárín select àti clean ni kí ẹ ti dúró mí. Detail disk á sọ orúkọ àti irú dísìkì tí ẹ yàn. Bí kò bá jẹ́ fúláàṣì yín, ẹ má tẹ̀ síwájú, torí clean kì í béèrè ìbéèrè kankan kó tó ṣiṣẹ́.

Èwo ni kí ẹ yàn? FAT32 fún ohun tó ń lọ sórí rédíò ọkọ̀ àti ẹ̀rọ orin, àmọ́ kò gba fáìlì kan tó tó 4GB, fèrèsé fọ́máàtì Windows kì í sì í fi í hàn bí ìpín bá ju 32GB lọ. Fídíò ọdún Ọlọ́jọ́ tí wọ́n ti ṣe pọ̀ sójú kan lè ju 4GB lọ dáadáa. ExFAT ni tirẹ̀, Windows, Mac, Linux tuntun gbogbo wọn ń kà á, wọ́n sì ń kọ sí i. NTFS fún ẹni tí kì í kúrò lórí Windows. Mac ń kà á, kì í kọ sí i.

Bí diskpart bá ní "The media is write protected", ẹ wo ẹ̀gbẹ́ fúláàṣì bóyá bọ́tìnnì ìdènà kékeré wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ kọ attributes disk clear readonly lẹ́yìn select disk. Bó bá ṣì kọ̀ lórí kọ̀ǹpútà méjì, controller ló ti ti ara rẹ̀ pa torí ìrántí inú rẹ̀ ti gbó. Kò ní ṣí mọ́. Ẹ jù ú nù.

Ṣé fúláàṣì náà kì í ṣe ayédèrú?

Wọ́n á fi ṣíìpù 8GB sínú rẹ̀, wọ́n á kọ́ controller láti máa pe ara rẹ̀ ní 64GB. GB méjọ àkọ́kọ́ á ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mélòó kan. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọjá ibẹ̀, ohun tí ẹ ń kọ á sọnù sínú òfìfo, tàbí kó yí padà wá bo ìbẹ̀rẹ̀ fúláàṣì, níbi tí boot sector àti tábìlì FAT wà. Fúláàṣì á wá ní kí ẹ fọ́máàtì òun. Ẹ fọ́máàtì, ó tún ṣiṣẹ́, oṣù mìíràn ó tún dé. Bí ti yín bá ń ṣe báyìí ní gbogbo ìgbà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò.

Lórí Windows, H2testw ń kọ fáìlì kún fúláàṣì tó ṣófo, á wá kà wọ́n padà wò bóyá wọ́n bára mu. Lórí Linux, f3write tẹ̀ lé f3read ń ṣe iṣẹ́ kan náà. 32GB lórí USB 2.0 lè gba wákàtí kan sí méjì, torí kíkọ lọ́ra ju kíkà lọ. Ṣọ́ọ̀bù tó bá mọ ohun tó ń tà kò ní bínú bí ẹ bá ní ẹ máa dán an wò kí ẹ tó fi iṣẹ́ sí i.

Bí ẹ ṣe ń lò ó lójoojúmọ́

Láti Windows 10 ti ọdún 2018 (ẹ̀dà 1809) ni Windows ti ń kọ nǹkan sórí fúláàṣì lójú ẹsẹ̀ láìfi pamọ́ sínú RAM pẹ́, torí náà fífà á yọ láìtẹ Eject kì í sábà pa á lára, bí kò bá sí ohun tó ń kọ lọ́wọ́. Lórí Linux kò rí bẹ́ẹ̀: àwòrán kíkọ́pì lè ti dé 100% nígbà tí ìdajì ẹrù ṣì wà nínú RAM. Ẹ tẹ Eject tàbí ẹ kọ sync, kí ẹ dúró títí yóò fi dáhùn.

Ẹ má ṣí project látorí fúláàṣì kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni kí ẹ ti ṣe é, kí fúláàṣì jẹ́ ohun ìgbé kiri. Fún ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé, ẹ ya fúláàṣì kékeré kan sọ́tọ̀ tí PDF nìkan wà lórí rẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n nílò Word yín fún, PDF kì í sì í jẹ́ kí ìlà yí padà lórí ẹ̀rọ wọn.

Bó bá jẹ́ No Media

Ẹ wo ẹnu fúláàṣì lábẹ́ iná. USB 2.0 ní ẹsẹ̀ mẹ́rin: ọ̀kan fún iná 5V, ọ̀kan fún ilẹ̀, méjì láàárín fún ẹrù. Bí ẹnu bá ń mì, tàbí bí ó bá ń tàn tó ń kú nígbà tí ẹ bá tì í díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òjé tó so ẹsẹ̀ kan mọ́ bọ́ọ̀dù ti fọ́. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lè fi òjé lẹ̀ ẹ́ padà, ẹrù yín á sì wà níbẹ̀ pátá. Ẹ ní kó ṣe ìyẹn nìkan, kó má tẹ ohunkóhun lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Bí ẹnu bá le, controller ló kú. Àwọn kan á ní àwọn ní MPTool tó lè jí i. Òótọ́ ni, ó ń jí i nígbà mìíràn, àmọ́ bó ṣe ń jí i ni pé ó ń kọ́ controller láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń nu gbogbo ìrántí. Fúláàṣì á padà, ẹrù kò ní padà. Ọ̀nà tó kù fún ẹrù ni kí wọ́n yọ ṣíìpù ìrántí kúrò lára bọ́ọ̀dù kí wọ́n fi ẹ̀rọ pàtàkì kà á, iṣẹ́ ilé ìgba-ẹrù-padà ni, kì í ṣe ti orí tábìlì ẹ̀bá ọ̀nà. Lára fúláàṣì kékeré tí wọ́n rọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ẹyọ kan, kò tiẹ̀ sí ṣíìpù tí wọ́n lè yọ. Nítorí náà kí ẹ tó gbé fúláàṣì lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ẹ bi í kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn: ẹrù ni ẹ fẹ́ bá mi gbà ni, àbí fúláàṣì?